Owó Ilé Basement

Bí ìyá Olúdọ̀tun bá mọ irú iṣẹ́ tí ọmọ òun ń ṣe jẹun ní Calgary ní Kánádà, ojú ni ì bá kọ́kọ́ bá a wí lé lórí kó tó kan káàdì. Láti kékeré ni obìnrin náà ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kọ́ ọ pé ọmọ tó bá ń wo àgbà lójú kòrókòró, ojú náà ni yóò fi rí màbo. Ṣùgbọ́n ojú wíwò ni iṣẹ́ Dọ̀tun. Nídìí poker, ayò káàdì tí wọ́n ń fi owó ta, káàdì méjì péré ni wọ́n ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, márùn-ún á sì wà láàárín tábìlì tí gbogbo ayé ń rí. Ojú ló kù. Ta ló ní nǹkan lọ́wọ́? Ta ló kàn ń halẹ̀? Àwọn àgbà ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà, wọn ò kàn mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ ọ́ di owó oṣù ni.

Iṣẹ́ poker kọ́ ló gbé e kúrò nílé o. Onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ ni Dọ̀tun, ilé iṣẹ́ epo kan ló sì gbà á sí Calgary nígbà tí epo ṣì lówó lórí. Nígbà tó di ọdún 2015, owó epo já wálẹ̀ bí ìgbà tí okùn kànga bá já, àwọn ilé gogoro àárín ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀, ará ibẹ̀ ń gbé páálí jáde pẹ̀lú fọ́tò ọmọ wọn lókè ẹ̀. Wọ́n dá Dọ̀tun náà dúró, ó gbé páálí tiẹ̀. Ó ti máa ń ta poker ní òpin ọ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì máa ń jẹ. Nígbà tí oṣù mẹ́ta kọjá tí ẹnikẹ́ni ò pè é fún iṣẹ́, ó sọ káàdì di iṣẹ́ gidi. Àárọ̀ ló ń lọ bí ẹni tó ń lọ sí ọ́fíìsì, kì í mutí, kì í bínú, tó bá sì ti rẹ̀ ẹ́, á dìde kúrò níbẹ̀. Ó fi ra ilé townhouse kan sí àdúgbò New Brighton. Tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá bi í léèrè, á ní consulting lòun ń ṣe. Consulting! Lọ́dún yẹn, ta ni kì í ṣe consulting nínú àwa ọmọ Nàìjíríà tó wà ní Calgary? Ẹni tó ń wa táksí ń ṣe consulting, ẹni tó ń sùn sílé títí di ọ̀sán ń ṣe consulting.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò lè purọ́ consulting fún, ìyẹn Ẹ̀gbọ́n Bánjọ.

Adébánjọ Akínbọ̀dé ni orúkọ Ẹ̀gbọ́n náà lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n Dọ̀tun nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lásán ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Dọ̀tun dé sí Calgary, tí snow bolẹ̀ dé orúnkún, tí jákẹ́ẹ̀tì tó rà ní Yábàá kò dá òtútù mọ̀ rárá, Ẹ̀gbọ́n ló wá pàdé ẹ ní airport. Bó ṣe rí i tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì ọrùn ara rẹ̀ fún un, òun fúnra ẹ̀ sì fi súwẹ́tà rìn dé ibi tó páàkì mọ́tò sí. Ilé rẹ̀ ní àdúgbò Pineridge ló gbé e lọ, ó fi basement, yàrá tó wà nísàlẹ̀ ilé, hàn án, ó ní ibùgbé ẹ nìyí. Snow yọ́, ooru dé, snow mìíràn tún bẹ̀rẹ̀, Dọ̀tun ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó gba owó oṣù àkọ́kọ́, ó kó owó ilé wá. Ẹ̀gbọ́n wo owó náà bí ẹni pé òkú eku ni.

"Owó ilé kẹ̀? Ṣé wọ́n máa ń gba owó ilé lọ́wọ́ àbúrò ni? Gbé e kúrò níwájú mi jàre."

Ohun kan ṣoṣo ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́, kí Dọ̀tun máa bá òun ta draft ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ràn draft ju oúnjẹ lọ. Ó ní òun ti gba ife-ẹ̀yẹ ẹ̀ rí nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ ní Warri, àti pé kò sí ẹni tó jẹ òun rí tó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, kí wọ́n tó ta á dé ìdajì, Dọ̀tun ti rí i pé bí òun bá sún ọmọ kan báyìí, ó ti parí nìyẹn. Ó gbójú sókè, ó rí ọkùnrin tó fún un ní jákẹ́ẹ̀tì. Ó sún ọmọ mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n fò sókè! Ó jó yí tábìlì ká, ó ń pe ìyàwó ẹ̀ láti ìsàlẹ̀. "Bùkọ́! Bùkọ́lá! Wá wo òpè tí wọ́n kó ránṣẹ́ sí mi láti Nàìjíríà! Dọ̀tun, ìdí ayò kò sí àgbà o, má lọ sọ pé àgbà rẹ́ ẹ jẹ!"

Láti ọjọ́ náà ni Dọ̀tun ti ń san owó ilé. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń sún ọmọ tí kò yẹ kó sún, Ẹ̀gbọ́n á jẹ ẹ́, Ẹ̀gbọ́n á jó. Ó rò pé oore lòun ń fi san oore. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé irú owó ilé bẹ́ẹ̀ máa ń bí ọmọ.

Inú basement yẹn náà ló ti mọ àléébù Ẹ̀gbọ́n, àléébù tí gbogbo ilé mọ̀ àfi ẹni tó ni ín. Bí Ẹ̀gbọ́n bá ti ń fi nǹkan pamọ́, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀. Lọ́jọ́ tó fi mọ́tò ìyàwó ẹ̀ họ ògiri garage, Aunty Bùkọ́lá ti ibi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dé, kò tíì gbé báàgì sílẹ̀ tí Ẹ̀gbọ́n fi pàdé ẹ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bùkọ́, ṣé o ti jẹun?"

"Adébánjọ, kí lo tún ti bàjẹ́?"

Dọ̀tun rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú lọ́jọ́ yẹn. Kò sì rẹ́rìn-ín mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n lé Ẹ̀gbọ́n níbi iṣẹ́, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2016, lẹ́yìn gbogbo ọdún tó ti fi ń darí àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo. Dọ̀tun wà nílé náà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó rọra bọ́ bàtà, ó yíjú sí ọmọbìnrin ẹ̀, Adémidé, tó ń kàwé lórí àga.

"Adémidé, ṣé o ti jẹun?"

"Yes, Daddy."

Ó wọ kíṣìnì, ó jáde. "Ṣé o ti jẹun, ọmọ mi?"

Ọmọ náà gbé ojú kúrò nínú ìwé. "Daddy, what happened?"

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ẹ̀gbọ́n wá bá Dọ̀tun ní New Brighton. Ó jókòó, ó wo ilé yíká, ó ní àbúrò òun ń ṣe dáadáa. Ó ní òun ti fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ títí ó fi sú òun, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Kọ́ mi ní nǹkan tí ò ń ṣe yẹn. Ìwọ tí mò ń jẹ ní draft bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà! Tí ìwọ bá lè fi káàdì ra ilé, èmi ńkọ́?"

Ibẹ̀ gan-an ni Dọ̀tun ti ṣẹ̀, òun náà sì mọ̀. Bí ó bá jẹ́ Gbóyèga ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wá, ì bá ti sọ fún un tààrà pé bọ̀ọ̀dá, iṣẹ́ yìí ò sí lára ẹ. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbẹ́nu sókè sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé, ẹ ò lè ṣe é, sà, ojú yín kò lè pa irọ́ mọ́? Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Kò sí wàhálà, sà." Wọ́n padà sínú basement Pineridge, wọ́n fi ẹ̀wà ṣe owó, Dọ̀tun ń pín káàdì. Nígbàkígbà tí Ẹ̀gbọ́n kò bá ní nǹkan kan lọ́wọ́, á kó ẹ̀wà rẹpẹtẹ síwájú, á fẹ̀yìn tì, á ní, "Dọ̀tun, ṣé o ti jẹun ṣá?" Dọ̀tun á ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, á da káàdì tiẹ̀ nù, á ní, "Ẹ ti mú mi, sà." Ẹ̀gbọ́n á jó.

"Ẹ ń gbìyànjú gan-an, sà," ni Dọ̀tun máa ń sọ tó bá ń lọ. Ó ń rò ó nínú ọkàn ẹ̀ pé Ẹ̀gbọ́n kàn ń fi eré náà gbàgbé ìrònú ni, pé iṣẹ́ á tó dé, pé ọ̀rọ̀ náà ò ní kúrò nídìí ẹ̀wà láé. Bí èèyàn ò bá fẹ́ ṣe ohun tó yẹ, àwáwí kì í wọ́n ọn.

Caroline ló tú u fún un. Obìnrin yìí ti ń pín káàdì tipẹ́tipẹ́ ní casino, ilé ayò tí Dọ̀tun ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í sọ̀rọ̀ jù. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí Dọ̀tun wọlé, ó fi àgbọ̀n júwe tábìlì tó wà lápá ẹ̀yìn fún un.

"Your uncle's here again. Sweet man. He keeps asking everybody if they've eaten."

Again? Dọ̀tun yíjú, ó rí Ẹ̀gbọ́n nínú kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, owó ike tí wọ́n fi ń ta á wà níwájú ẹ̀ bí òkìtì. Tábìlì àwọn ẹni ńlá ló jókòó sí. Àwọn tó yí i ká, Dọ̀tun mọ̀ wọ́n dáadáa, gbogbo wọn ló ń fi iṣẹ́ náà jẹun bíi tiẹ̀. Ó sì ka ojú wọn: wọ́n ti mọ ohun tí ìbéèrè oúnjẹ yẹn túmọ̀ sí. Wọ́n kàn ń dúró kí owó Ẹ̀gbọ́n pọ̀ sí i láàárín ni.

Ó lọ bá a. Òfin tábìlì ni pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ sọ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi èdè mìíràn gbìmọ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì ní ibi tí èèyàn ń dọ̀bálẹ̀ sí nínú ọ̀rọ̀.

"Sir," ni Dọ̀tun wí, "please come, let's get a coffee."

"Coffee ko, tea ni! Sit down, my brother." Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí i kí gbogbo tábìlì lè rí i. "This is the man that taught me. I beat him every day in my house!"

Àwọn òyìnbó náà rẹ́rìn-ín. Àga kan ṣófo, Dọ̀tun jókòó. Ó ní òun fẹ́ wà nítòsí kí òun lè fa Ẹ̀gbọ́n jáde nígbà tó bá yẹ. Ohun tó sọ fún ara ẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pín káàdì kan tí àwọn yòókù dà nù lọ́kọ̀ọ̀kan, tó wá ku òun àti Ẹ̀gbọ́n nìkan. Káàdì méjì tó bára mu ni Dọ̀tun ní, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo káàdì àárín tábìlì, ó fa ọrùn kóòtù rẹ̀ gún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti gbogbo owó iwájú ẹ̀ síwájú láìku ẹyọ kan. Owó tí ilé iṣẹ́ fún un nígbà tí wọ́n dá a dúró ni, owó tó sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé ó ń sinmi ní báńkì. Lẹ́yìn náà ló fẹ̀yìn tì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Dotun, my brother. Have you eaten?"

Gbogbo tábìlì rẹ́rìn-ín. Dọ̀tun gbójú sókè, ó wo àgbà lójú kòrókòró. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó rí i gbangba bí ẹni rí àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀. Kó da káàdì nù, kí Ẹ̀gbọ́n kó owó ẹ̀, kí wọ́n jọ máa lọ sílé, ohun tó yẹ nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró gbọ́. Ó ti owó tiẹ̀ síwájú.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ó wá àwáwí oríṣiríṣi. Ó ní bí òun ò bá jẹ ẹ́, àwọn yẹn ló máa jẹ ẹ́, owó náà ì bá sì ti lọ pátápátá. Ó ní òun fẹ́ kó kọ́gbọ́n ni. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí Caroline ṣí káàdì Ẹ̀gbọ́n tí kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀, inú Dọ̀tun dùn bí inú ọdẹ ṣe ń dùn, ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kó tó rántí ẹni tó ta lọ́fà.

Ó sáré tẹ̀lé Ẹ̀gbọ́n jáde sí ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Afẹ́fẹ́ olóoru tó máa ń ti orí òkè wá ń fẹ́, snow ń yọ́, omi ń ṣàn lábẹ́ bàtà wọn. Dọ̀tun ti pààrọ̀ owó ike sí owó gidi, ó kó o sínú àpò ìwé kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ sínú omi.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á, sà."

"Dìde, dìde, àwọn èèyàn ń wò wá." Ẹ̀gbọ́n ti ọwọ́ rẹ̀ padà. "Wọn kì í dá owó ayò padà. Ìdí ayò kò sí àgbà, èmi ni mo kọ́ ẹ. Orí ló bá ẹ ṣe é lónìí. Nínú basement mi, ta ló ń jẹ ta? Ọjọ́ tí o bá jẹ mí níbẹ̀, màá gba owó yìí lọ́wọ́ ẹ." Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ lé Dọ̀tun lórí. "Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ò ní bàjẹ́. Ibi tí o bá ti fọwọ́ kàn, á yọ̀ fún ẹ."

Dọ̀tun ń dúró de ìbéèrè oúnjẹ yẹn. Kò gbọ́ ọ. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù. Ẹ̀gbọ́n kò fi nǹkan kan pamọ́, ó gbà tọkàntọkàn pé ọ̀ta lòun, pé orí lásán ló yẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó máa padà wá.

Dọ̀tun kò lè ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Tó bá jókòó nídìí tábìlì, tó bá gbójú sókè láti wo ojú ẹnì kan, ojú Ẹ̀gbọ́n ló ń rí, wọ́n á sì jẹ ẹ́ bí ọmọdé. Àdúrà yẹn ń dùn ún lórí. Èpè ì bá sàn, torí èèyàn lè bínú sí èpè. Àpò owó náà wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀, lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì tí Ẹ̀gbọ́n fún un ní airport, tí kò wọ̀ mọ́ ṣùgbọ́n tí kò lè jù nù.

Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀lé e ni Aunty Bùkọ́lá pè é wá jẹun. Ó gbé àpò owó náà sínú jákẹ́ẹ̀tì tó wọ̀, ó wa mọ́tò lọ sí Pineridge. Ọ̀sán ni, Ẹ̀gbọ́n ti wà nísàlẹ̀, Dọ̀tun ń gbọ́ ọ tó ń to nǹkan sórí tábìlì. Aunty ń dín dòdò. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ dé láti hospital tó wà lápá Cranston lọ́hùn-ún, kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Aunty."

"Dọ̀tun, ṣílẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ kí èéfín má mú alarm pariwo." Ó yí iná sílẹ̀, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ní ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ fẹ́ ra truck tó ń kẹ́rù. Ó ní ibẹ̀ ni owó ibi iṣẹ́ ẹ̀ wọlé sí, ó wá kù díẹ̀ kó pé. Lọ́la la máa lọ sí báńkì, kí wọ́n fi ilé yìí yá wa lówó. Èmi náà ni mo máa fọwọ́ sí i."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Dọ̀tun ń gbọ́ nípa truck nìyẹn.

"Ìwọ wò ó," ni Aunty ń wí lọ, "láti bí ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀gbọ́n ẹ ò yéé bi mí bóyá mo ti jẹun. O mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ní tó bá jẹ́ pé Dọ̀tun wà níbẹ̀, ó dáa. Dọ̀tun ò lè purọ́ fún mi. Àbí?"

Ó wò ó lójú. Ojú obìnrin náà ti rẹ̀, epo dòdò wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan. Dọ̀tun sì ṣe ohun tí kò ní dárí ẹ̀ ji ara ẹ̀ láéláé: ó gbé ojú iṣẹ́ wọ̀, ojú tí kò sí ẹni tó lè kà á, ojú tó fi ra ilé.

"Rárá, Aunty. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Aunty wí, ó yíjú sí dòdò rẹ̀.

Dọ̀tun ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí basement. Ó lè padà sókè kó sọ ọ́. Aunty kò ní fọwọ́ sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kí ló máa kù láàárín tọkọtaya náà? Ó sì tún lè dákẹ́ bó ṣe ti ń dákẹ́ bọ̀ láti ọdún yìí wá. Bó bá dákẹ́, ilé tí wọ́n ti gbà á sílé lọ́fẹ̀ẹ́ ló máa lọ. Ọ̀nà kan ló ṣẹ́kù, kò sì sí ẹni tí ọ̀nà náà kò ní pa lára.

"Òpè dé!" ni Ẹ̀gbọ́n kígbe. Ó ti pín ẹ̀wà sí méjì. "Jókòó. Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi mú dáadáa, torí ní ọ̀sẹ̀ yìí, mò ń padà lọ bá àwọn èèyàn yẹn."

Dọ̀tun jókòó. Ó pín káàdì. Kò pẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n fi kó ẹ̀wà rẹpẹtẹ síwájú.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo tẹ̀lé yín, sà," ni Dọ̀tun wí. Kò rẹ́rìn-ín, kò ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Ó ṣí káàdì rẹ̀, ó kó ẹ̀wà náà.

Ẹ̀gbọ́n ní orí ni. Wọ́n tún pín in. Nígbà tí káàdì tó dáa wọ ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n, tó dákẹ́ tí kò béèrè nǹkan kan, Dọ̀tun da tiẹ̀ nù, ẹ̀wà díẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n rí jẹ. Nígbà tó bá béèrè oúnjẹ, Dọ̀tun á tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí iwájú Ẹ̀gbọ́n fi mọ́ fónífóní. Wọ́n pín ẹ̀wà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún mọ́ fónífóní. Ẹ̀gbọ́n kò pariwo mọ́. Ó wo àwọn káàdì tó wà nílẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù láàárín wọn.

"Káàdì ni," ló wí níkẹyìn. "Káàdì, orí wà ńbẹ̀. Gbé draft wá."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

"Mo ní kí o gbé draft wá."

Ó gbé e wá. Pákó yẹn náà ni, èyí tí wọ́n ń lò látijọ́, tí ìdérí ìgò dúró fún ọmọ méjì tó ti sọ nù. Kò sí orí nínú draft. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ló ń jẹ, Ẹ̀gbọ́n gan-an ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń jó. Dọ̀tun wo pákó náà, ó sì rí ọ̀nà gẹ́gẹ́ bó ṣe rí i ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́. Ó sún ọmọ tó yẹ kó sún. Ó jẹ ọ̀kan, ó jẹ méjì, ó di ọba, ó gbá pákó náà mọ́. Omi tíì tí Aunty gbé kaná lókè kò tíì hó tí ó fi parí.

Lókè, wọ́n ń gbọ́ ẹsẹ̀ Aunty tó ń lọ tó ń bọ̀ lórí pákó ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

"Nígbà tí o ń gbé ibí..."

Kò parí ẹ̀. Dọ̀tun fi ọwọ́ méjèèjì yọ àpò owó náà, ó gbé e sórí pákó draft, láàárín àwọn ọmọ tó jẹ. Ẹ̀gbọ́n wò ó. Ó ti fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé ọjọ́ tó bá jẹ òun níbẹ̀ lòun máa gbà á. Ó mú un, ó tì í sínú àpò kóòtù láìkà á. Kò gbé ọwọ́ lé e lórí. Kò ṣàdúrà.

Ó dìde lọ sí ìdí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ di ògiri mú.

"Bùkọ́lá! Ọ̀rọ̀ báńkì ọ̀la yẹn, a ò lọ mọ́."

"Kí ló dé?" ni Aunty béèrè láti òkè.

"Kò sí nǹkan kan. A ti dá truck yẹn dúró. Owó wa ti padà wá."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Aunty wí, wọ́n sì gbọ́ tí nǹkan kan tú sílẹ̀ nínú ohùn rẹ̀. "Ẹ máa bọ̀ wá jẹun."

Ẹ̀gbọ́n ṣì kọ ẹ̀yìn sí Dọ̀tun. Èjìká rẹ̀ ti wálẹ̀, ó jọ pé ó darúgbó lójijì. Dọ̀tun fẹ́ sọ pé ẹ má bínú, sà. Ó fẹ́ sọ pé ẹ̀yin lẹ fún mi ní jákẹ́ẹ̀tì ọrùn yín, kí ni mo tún ní tí mo lè fi san án? Kó tó sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n ti yíjú padà. Ó fa ọrùn kóòtù rẹ̀ gún, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Dọ̀tun," ló wí, "ṣé o ti jẹun?"

Ojú Dọ̀tun, tó ti fi ń jẹun láti ọjọ́ yìí, kò lè gbé ìyẹn. Ó wolẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

"Mi ò tíì jẹun, sà," ló dáhùn, ó sì tẹ̀lé e gòkè lọ.